Ohun Tí Táyé Kọ́kọ́ Tọ́ Wò

Bí ẹ bá dé Òkè-Gádà níhìn-ín ní Ẹdẹ, tí ẹ ń wá Níkẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè Níkẹ́. Ẹ béèrè Ìyá Ìbejì ẹlẹ́rọ ata, ọmọdé tó bá ń ṣeré lẹ́bàá títì ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí kò bá sí ọmọdé nítòsí, ẹ tẹ́tí sí ariwo ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sì dún, ọ̀dọ̀ mi ni kí ẹ wá. Ẹ ó bá a lórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó lé, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni pé wọn kì í ṣe tirẹ̀.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ibtisam. Aṣọ ni mo ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ti Níkẹ́, títì kékeré kan ló wà láàárín wa, a sì ti jọ wà níbẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì bímọ. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni òun. Kò sí ohun tí a kò tíì jà lé lórí: èéfín ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń ba léèsì oníléèsì jẹ́ lọ́wọ́ mi, omi ata tó ń dà sí gọ́tà mi, rédíò mi tó ní ó ń pariwo, òun tó ń fi ẹ̀rọ ata ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá bá jà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò kó lọ, ẹbí yín nìyẹn.

Ata lílọ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Láàárọ̀, àwọn alákàrà ló máa ń kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ẹ̀wà bíbó. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ ṣáájú ata, nítorí ẹ̀rọ tó bá ti lọ ata, bí a fọ̀ ọ́ títí, ata náà á ta nínú àkàrà tí ẹnì kan fẹ́ fún ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn ẹ̀wà ni ẹ̀gúsí, lẹ́yìn ẹ̀gúsí ni tòmátì àti tàtàṣé, ata rodo ló máa ń kẹ́yìn. Níkẹ́ mọ ẹni tó ń purọ́ pé òun ti fọ ata òun. Ó mọ ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, nítorí ata rodo á pọ̀ nínú abọ́ onítọ̀hún ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ti lọ tán, á sọdá wá bá mi, a ó jọ rẹ́rìn-ín wọn. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọkọ rẹ̀ ni Jacob Ọláyẹmí, bíríkìlà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìlú Ara ni ìyá Jacob ń gbé, inú oko ló wà, inú ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n bí i sí ló sì wà títí dòní. Ìyá Ara ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí Níkẹ́ bí ọkùnrin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyá Ara ti dé ilé ìwòsàn kí pásítọ̀ tó dé. Ó gbé èyí tó bọ́ sáyé kẹ́yìn, ó ní, "Kẹ́hìndé, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin lẹ rán àbúrò yín pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ó ti ké padà sí yín pé ó dáa. Ẹ káàbọ̀."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí: Táyé ló ń kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n àbúrò ni, ìránṣẹ́ Kẹ́hìndé ni. Ibòmíràn, wọ́n á sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n á gbàgbé. Nílé Níkẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Kẹ́hìndé kì í fi oúnjẹ tí kò jẹ rí sẹ́nu láìjẹ́ pé Táyé tọ́ ọ wò. Táyé á bu díẹ̀, á dijú bí adájọ́, á ní, "Ó dáa." Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò tó na ọwọ́. Bó bá sì ní, "Kò dáa, má jẹ ẹ́," kò sí ẹgba tó lè mú Kẹ́hìndé jẹ ẹ́. Omi ìwẹ̀ pàápàá, Táyé ló ń kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan mo fún àwọn méjèèjì ní orógbó. Táyé jẹ tirẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó kọjú sí Kẹ́hìndé, ó ní, "Ó dáa gan-an." Kẹ́hìndé ju tirẹ̀ sẹ́nu odindi. Ó lé e yí ṣọ́ọ̀bù mi ká títí wọ́n fi da àwọn bọ́tìnnì mi nù. Níkẹ́ pe Táyé, ó fà á létí, ó ní ẹni tí wọ́n bá rán níṣẹ́ kì í purọ́ fún ẹni tó rán an. Láti ọjọ́ náà, Táyé kò purọ́ fún un mọ́.

Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Ìyá Ara kì í fẹ́ kí a ṣì í ṣe. Lóṣooṣù ló máa ń gbé ẹ̀wà wá láti Ara kí Níkẹ́ sè é fún àwọn ọmọ àdúgbò nítorí ìbejì. Pásítọ̀ ń pè é ní àánú, Ìyá Ara ń pè é ní ẹbọ, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní ẹ̀wà. Èmi ni mo ń rán aṣọ wọn, méjì-méjì, aṣọ kan náà, ọrùn kan náà. Tòótọ́ ni pé wọn kò jọra rárá. Táyé ga, ó pupa bí ìyá rẹ̀. Kẹ́hìndé dúdú, ó rí rìbìtì bí Ìyá Ara. Aṣọ mi ló ń mú wọn jọra.

Wọ́n ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wọn fi ránṣẹ́ pé Táyé ti di aláìgbọràn. Wọ́n ń pè é, kì í dáhùn. Ìwé tó ń kọ dáadáa tẹ́lẹ̀ ti ń já bọ́ kúrò lórí ìlà. Wọ́n nà án. Àwọn ọmọ tó rí i sọ fún wa pé bí olùkọ́ ṣe na Táyé tán ni Kẹ́hìndé bọ́ síwájú, tó na ọwọ́ tirẹ̀ náà, tó ń dúró de ẹgba. Olùkọ́ náà rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì nà án.

Lẹ́yìn náà, èébì. Lẹ́yìn náà, awọ ara Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, láìjẹ́ pé oòrùn ń pa á ju ọmọ yòókù lọ. Mo bá Níkẹ́ ṣàwàdà pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jọra níkẹyìn. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú táífọ́ìdì. Pásítọ̀ gbàdúrà, Ìyá Ara gbé àgbo wá, àwọn ìbejì méjèèjì ni wọ́n jọ mu ún. Ọjọ́ tí mo pe àwọn ọmọ náà láti wọ̀n wọ́n fún aṣọ ilé ìwé tuntun, Táyé wá jókòó sórí àpótí tó ti ń jókòó sí láti kékeré, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣubú sílẹ̀ gbì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Kò rí àpótí.

Gìrì ló gbé e dé ilé ìwòsàn níhìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí Òṣogbo, Òṣogbo ní kí wọ́n máa lọ sí Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé orí ọmọ náà sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú, pe Níkẹ́ àti Jacob jókòó. Orúkọ tó pe àìsàn náà gùn, ó le lẹ́nu, Níkẹ́ kò tilẹ̀ gbìyànjú láti pè é. Ó ní nínú ọpọlọ wa, àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ iṣẹ́ láti ibì kan dé ibì kan, bí wáyà ṣe ń gbé iná. Ọ̀rá funfun kan bò wọ́n bí rọ́bà ṣe bo wáyà. Ti Táyé ń bó. Láti ẹ̀yìn orí ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú ti ń ríran, ó sì ń bọ̀ níwájú.

Jacob tí kì í sọ̀rọ̀ béèrè pé ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè tún rọ́bà náà wé padà ni. Dókítà ní bí wọ́n bá tètè rí i, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́, àwọn kan lókè òkun ń gba mùdùnmúdùn inú egungun ẹlòmíràn fi sínú ọmọ náà, ó sì máa ń dá a dúró. Fún Táyé, ó ti pẹ́ jù. Ó ní oògùn wà fún èébì àti awọ tó ń dúdú, nítorí àìsàn náà ti mú nǹkan kékeré kan tó wà lórí kíndìnrín pẹ̀lú. Oògùn yẹn kò ní jẹ́ kó kú lójijì, ṣùgbọ́n kò lè kan ọpọlọ.

Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Níkẹ́ ní arákùnrin. Níkẹ́ ní òun ní àbúrò kan, Akínwálé, tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ní kékeré, tó kú, tí gbogbo ilé wọn ní aráyé ló ṣe é. Dókítà mi orí. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ni àìsàn yìí ń gbà wọ ara ọmọkùnrin, ìyá fúnra rẹ̀ lè máà mọ̀. Ó ní, "Ẹ ní ìbejì ni wọ́n. Ṣé wọ́n jọra?" Níkẹ́ ní rárá. Dókítà ní, "A dúpẹ́. Ká ní wọ́n jọra bí ẹnì kan ni, ì bá ti wà lára àwọn méjèèjì. Báyìí, ó lè wà lára èkejì, ó lè máà sí. Ẹ mú un wá ká gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, a ó máa ṣọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n mú Kẹ́hìndé lọ. Kò bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn, nítorí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ Táyé, wọn kò tíì gba tirẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ kí wọ́n tó lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n máa retí ìpè, kí wọ́n sì máa wo ìrìn rẹ̀ àti etí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ oògùn Táyé sínú omi fún un nílé, èmi náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Kẹ́hìndé jókòó tì í, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí ìpín tirẹ̀. Níkẹ́ ti fi fítámì pupa kan pamọ́ fún un. Táyé gbé oògùn mì, ó rún ojú pọ̀, ó wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káàkiri pẹ̀lú ojú tí kò rí i mọ́. Ó ní, "Kò dáa." Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo gbọ́ ìkérora rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ Níkẹ́ ṣe rí, nítorí àwọn tó ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é" kì í dúró wò ó. Ó ń pọn ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kan orúnkún ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti gan, ọ̀kan á kọjá lórí èkejì bí sísọ́ọ̀sì mi, ó ní láti là wọ́n kí ó tó lè dè é mọ́ ẹ̀yìn. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju ẹ̀kọ mímu lọ, díẹ̀díẹ̀, bó bá yára yóò há a lọ́nà ọ̀fun. Bí a bá pa ẹ̀rọ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí ẹ̀rọ náà bá ń gbọ̀n, tó ń dún, á dákẹ́. Nítorí náà ẹ̀rọ máa ń dún nígbà tí kò sí ata kankan nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ̀ mí láti máa wò ó. N kò mọ ohun tí wọ́n fi ń pe àárẹ̀ tó bá ti kọjá oorun.

Ó wù mí kí n gbá ẹni tó tún bá sọ pé ìyá ìbejì kì í tòṣì létí.

Ìyá Ara wá nígbà ọyẹ́. Ó jókòó ti Táyé títí, ó ń fi epo pa á lẹ́sẹ̀. Èmi, òun àti Níkẹ́ la wà níbẹ̀, Kẹ́hìndé ń yọ òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Ara mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìbejì ni wọ́n. Ohun tó bá ṣe ọ̀kan, yóò ṣe èkejì. Ẹni tó bá rán ni níṣẹ́, tí ìránṣẹ́ rẹ̀ kò padà, yóò dìde lọ wá a ni."

"Ìyá," ni Níkẹ́ wí, "ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò gbà á ládùúrà. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo ń wí."

Kò pẹ́ sí i tí Kẹ́hìndé fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é láti ìdí ẹ̀rọ, kò dáhùn. Mo ní ariwo ni. Ó pa ẹ̀rọ, ó pè é, kò dáhùn. Ọmọ náà ń bọ̀, ó fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, gan-an bí ti Táyé ṣe wọ́ nígbà tí gbogbo wa ń rò pé bàtà ló ń há a.

Níkẹ́ sọdá wá bá mi, ó jókòó lórí àpótí. Táyé wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sunkún.

"Ìyá Ibtisam, ó ti dé."

Mo béèrè pé kí ló dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀.

"Ó ti mú Kẹ́hìndé. Ẹ wò mí o, mi ò lè gbé méjì. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni mo ní."

Mo gba Táyé lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé e sórí itan mi, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lásán kó lè máa gbọ̀n. Níkẹ́ sùn lórí ìjókòó níbẹ̀, orí rẹ̀ fara ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn tó gbé ata wá bá ìdí ẹ̀rọ lófìfo, mo ní kí wọ́n máa lọ ata wọn nílé, ṣé wọn kò ní ọlọ ni. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ìlú Awo ni Jacob ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọ́n ń mọ ilé kan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpè dókítà ti bá a. Ó gun ọ̀kadà wálé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó dúró láàárín títì, kò mọ ẹni tí ì bá kọ́kọ́ sọ fún. Ó ní, "Kò sí lára ẹ̀. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé wò. Kò sí níbẹ̀ rárá."

Níkẹ́ ń bu omi sí ẹ̀rọ. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n yẹ̀ wò."

"Dókítà ní ó dá òun lójú."

"Dókítà ò sí níbí. Ẹ̀yin wo bó ṣe ń rìn."

Kẹ́hìndé ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ní àkókò náà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Jacob wò ó. Ayọ̀ tó gbé wá láti Awo bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú mi. Ó wọlé lọ, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Ọjà Tìmì ni mo lọ ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ ra òwú àti síìpù. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba ẹ̀yìn pápá ilé ìwé kan kọjá, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ọmọ rìbìtì kan gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn tó jù ú lọ, ó sá, ó sá, eruku ń tẹ̀lé e. Ẹni tó ń ṣọ́lé fún wọn ké sí i láti ìkángun pápá, lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì yíjú padà. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Aṣọ rẹ̀ ni. Àńkárá aláwọ̀ ewé tó ní bọ́tìnnì funfun, méjì péré ló wà láyé, èmi ni mo rán an, èkejì sì wà lára ẹni tó dùbúlẹ̀.

N kò pè é. Mo dúró lẹ́yìn ògiri títí wọ́n fi tú ká, mo wá ń tẹ̀lé e lókèèrè. Ó ń fò gọ́tà. Ó ń ta òkúta nípàá. Nígbà tó dé ìdí òpó iná tó wà ní ìgun títì wa, ó dúró, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ òsì.

Mo bá a níbẹ̀, mo gba etí rẹ̀ mú. Ìbínú tó bí mi ní ọjọ́ yẹn, n kò rò pé ọmọ kankan mú mi bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ronú kan ìyá rẹ̀ tó sùn lára ògiri mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ìyá rẹ fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá."

"Kí ló dé tí o fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dà. Ó ní, "Ìyá Ara ní ohun tó bá ṣe Táyé á ṣe èmi náà. Mo ń retí ẹ̀, kò dé. Òun nìkan ló ń ṣe é. Mo ní kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ ná."

Ọwọ́ mi kúrò létí rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo fi í sílẹ̀.

Mo mú un lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Níkẹ́ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó gbé orí Táyé sórí apá, abọ́ ẹ̀kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Jacob sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ ohun tí mo rí, mo sì sọ ohun tí ọmọ náà wí, bó ṣe wí i gẹ́lẹ́. Mo ti ń múra láti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Níkẹ́ kò pariwo. Ó ní, "Rìn kí n rí ọ."

Kẹ́hìndé rìn dé ìdí fèrèsé, ó rìn padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹlẹ̀ ṣinṣin. Jacob yí ojú sí ògiri. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Níkẹ́, ó ń kán sórí Táyé, kò sì sí ọwọ́ tó fi lè nù ún. Mo mọ̀ pé ayọ̀ ni. Mo tún mọ̀ pé ìgbà náà gan-an ni ó yé e pé àwọn ọmọ tí wọ́n jọ wá kò ní jọ dàgbà.

"Kẹ́hìndé, jókòó. Ta ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ nǹkan wò nílé yìí?"

"Táyé."

"Kí lọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Ó ní kò dáa."

"Ṣé ó máa ń purọ́ fún ọ?"

"Rárá, Màmá. Àfi orógbó."

"Lẹ́yìn orógbó ńkọ́?"

"Kò purọ́ mọ́."

"Ó dáa. Ìwọ lo rán an. Ó ti tọ́ àìsàn yìí wò, ó sì ti jẹ́ ọ níṣẹ́. Ó ní kò dáa. Má jẹ ẹ́."

Kẹ́hìndé ń wo àbúrò rẹ̀, ẹsẹ̀ tó kọjá lórí ara wọn, ojú tó là tí kò wo ibì kan. Ó ní, "Ta ló wá máa tọ́ nǹkan wò fún mi?"

Níkẹ́ nu ojú rẹ̀ sí èjìká. Ó fa abọ́ ẹ̀kọ náà súnmọ́ ọn, ó fi ṣíbí lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ lẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ó ti ṣe tiẹ̀ tó. Wò ó bóyá ó gbóná jù fún un."

Ọmọ náà gba ṣíbí. Ó bu ẹ̀kọ díẹ̀, ó fi kan ètè, ó dijú bí ẹnì kan ṣe máa ń dijú tẹ́lẹ̀. Ó wá tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi kan etí Táyé.

"Ó dáa," ni ó wí. "Jẹ ẹ́."

Níkẹ́ gba ṣíbí, ó fi ẹ̀kọ náà sí i lẹ́nu. A kò mọ̀ bóyá Táyé gbọ́. A ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, gbogbo wa, títí ó fi gbé e mì.